Ẹran Tí Mọ́rìnọ́lá Kì Í Jẹ

Ọjọ́ tí àwọn ará Ìgbòho wá gba Mọ́rìnọ́lá, ara Ẹfúnwùmí ti kú tipiri kí wọ́n tó wọ àgbàlá. Ó ti gbọ́ lọ́jà pé wọ́n ń bọ̀. Ó gbálẹ̀, ó pọnmi, ó ro ọkà, kò sì mọ ìgbà tí ó ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tó rí ẹkún sun ti rí ìtura. Ẹni tí ojú rẹ̀ gbẹ ni kí ẹ bá kẹ́dùn.

Kì í ṣe òun ló bí Mọ́rìnọ́lá. Dúróríkẹ́ ló bí i, obìnrin Ìgbòho kan tó máa ń ru òwú wá tà fún àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn. Àjàgbé, ọkọ Ẹfúnwùmí, wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí ìjọba kó àwọn ọkùnrin lọ ru ẹrù ogun ní Kàmẹrúùnù, wọ́n mú ọkọ Dúróríkẹ́ mọ́ wọn, kò sì padà wálé. Ìrìn tí obìnrin náà rìn gbẹ̀yìn, ilé Àjàgbé ni ibà ti dá a dùbúlẹ̀, ọmọ ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé òun kò ní dìde mọ́, ó di ọwọ́ Ẹfúnwùmí mú. Kò bẹ̀ ẹ́ nítorí aṣọ, kò bẹ̀ ẹ́ nítorí ìlẹ̀kẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ ọ̀yà. Ilé bàbá rẹ̀ kì í jẹ ẹ́."

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò sí ẹran ìgbẹ́ tó pọ̀ nílẹ̀ wa bí ọ̀yà. Bí wọ́n bá ti dáná sungbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ìkòkò àdúgbò ló máa ń ta sánsán. Ẹfúnwùmí ya ìkòkò sọ́tọ̀ fún ọmọ. Nígbà tó yá, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọwọ́ bọ àwo ẹni tó bá jókòó tì í, ni Ẹfúnwùmí bá kúkú jáwọ́ nínú ọ̀yà, òun tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹran ewúrẹ́ lọ. Àjàgbé fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ní èèwọ̀ ilé onílé ni ìyàwó òun gbé rù. Ẹfúnwùmí a rẹ́rìn-ín. Ó ti sin ọmọ méjì. Ẹni tí wọ́n tún ń pè ní ìyá lẹ́yìn ìyẹn, kí ni ẹran lójú rẹ̀?

Ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ ketekete nígbà tí alówùú kan láti Ìgbòho rí i lọ́jà, ó ní ojú bàbá rẹ̀ gan-an nìyí. Kò pẹ́ ni Ọdẹ́bùnmi, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ, àti Adépéjú, àbúrò rẹ̀ obìnrin, gbọ̀nà Ìsẹ́yìn.

Kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀, Àjàgbé fa ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá.

"Ìyá Mọ́rìnọ́lá, sọ fún wọn pé ó ti jẹ ọ̀yà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, wọn kì í kà á mọ́ ara wọn mọ́. Wọn á padà sílé."

"Dúróríkẹ́ ńkọ́?"

"Dúróríkẹ́ ti kú. Ọmọ ló wà láàyè."

Baálé Ògúndìran, olórí agbo ilé, ló jókòó láàárín. Àgbà tí kì í kánjú ni, àní bí òjò bá ń bọ̀.

"Ìyàwó," ó ní, "ọ̀nà tí ọmọ ọlọ́mọ ń gbà wọlé ẹni kì í ṣe ọ̀kan. Ìwọ̀fà ń bẹ: gbèsè ló mú un wá, ọjọ́ tí gbèsè bá tán, ó ń lọ. Ọmọ àgbàtọ́ ń bẹ: ìtọ́jú rẹ̀ ni wọ́n gbé fún ọ, ìdílé rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà, bí wọ́n bá béèrè rẹ̀, wàá dá a padà. Èyí tí a gbà ṣe ọmọ náà ń bẹ. Ìyẹn ti di tiwa pátápátá, ohun tí à ń jẹ ló ń jẹ. Èwo ni Mọ́rìnọ́lá?"

"Ọmọ mi ni, bàbá. Ohun tí à ń jẹ ló ń jẹ."

"Tó fi mọ́ ọ̀yà?" Ọdẹ́bùnmi ló béèrè.

"Tó fi mọ́ ọ̀yà."

Ohùn rẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń kí aládùúgbò. Adépéjú fọwọ́ bo ẹnu. Ọdẹ́bùnmi mú fìlà rẹ̀, ó ti ń dìde. "Ó parí nìyẹn. Ọmọ tó bá ti jẹ ẹ́ kì í ṣe tiwa mọ́."

Ògúndìran ní kí ó jókòó ná. Ó ní kí wọ́n bu ọ̀yà wá nínú ìkòkò ìyàwó òun. Kò ní jẹ́ kí ọmọ náà fi kan ẹnu. Ọwọ́ rẹ̀ ló fẹ́ wò. Ó pe Mọ́rìnọ́lá, tó ń fi yẹ̀pẹ̀ ṣeré nítòsí, ó sì na ẹran sí i.

Ọmọ náà wo ẹran, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ẹfúnwùmí ti kọ́ ọ pé bí àgbà bá fún un ní ohun tí kì í jẹ, kí ó má fajú ro, kí ó kúnlẹ̀ kí ó dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣé, bàbá. Èmi àti ìyá mi kì í jẹ ọ̀yà."

Ojú ti Àjàgbé, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Adépéjú bú sẹ́kún, ó sì wá kúnlẹ̀ níwájú Ẹfúnwùmí.

"Ẹ kú ìtọ́jú, ìyá. Ẹ ti bá wa pa á mọ́. Ọlọ́run yóò bá yín ṣe é."

Tọkàntọkàn ló fi dúpẹ́, ìyẹn gan-an ló sì burú jù. Ká ní ó bú u ni, Ẹfúnwùmí ì bá rí nǹkan dì mú.

"Alágbàtọ́ ni ọ́, ìyàwó," ni Ògúndìran wí jẹ́jẹ́. "Alágbàtọ́ rere ni ọ́." Inú òun náà kò dùn sí i.

Mọ́rìnọ́lá kọ̀, kò gun ẹ̀yìn Adépéjú. Ẹfúnwùmí ló gbé e kọ́ ọ lẹ́yìn, òun ló fún ọ̀já le, òun ló ṣàlàyé pé bí ó bá jí lóru, omi ló ń fẹ́, kì í ṣe oúnjẹ. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ọ̀nà oko. Ó ń retí kí ó dun òun, kò dùn ún.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ náà yí ọrùn padà.

"Ìyá mi, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ẹ máa lọ," ni Ẹfúnwùmí wí. "Mo fẹ́ mú ìborùn mi ni. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

Ọmọ náà gbà á gbọ́. Ó gbé orí lé ẹ̀yìn Adépéjú, ó sì dákẹ́.