Kí Mẹkáníìkì Tó Dé

3.

…nítorí náà, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbóná kí mẹkáníìkì tó wọlé. Ọkọ̀ ń dún jẹ́jẹ́. Bàbá mi dúró tì í nínú ẹ̀wù òde wọn.

"Ṣé o gbọ́ ọ? Kò ní nǹkan kan."

Ta ló wá ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì?

Bàbá mi ni.

4.

Awakọ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbà pé ọkọ̀ tí kò bá jí dáadáa, ìtìjú awakọ̀ ẹ̀ ni. Tí mẹkáníìkì bá fẹ́ wá, wọ́n á dìde ní ìdájí, wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́, wọ́n á jẹ́ kó wúkọ́ tán. Wọ́n á nu ojú ẹ̀ fún un. Wọ́n á wá pa á.

Mẹkáníìkì á dé, á bá ọkọ̀ tí ara ẹ̀ dá.

Mo ti sọ fún wọn pé ìwà ọmọdé ni. Irọ́ ni, mi ò sọ ọ́. Inú mi ni mo ti sọ ọ́.

5. OHUN TÍ A TI PÀÀRỌ̀

Bátìrì.

Púlọ́ọ̀gì, gbogbo ẹ̀.

Bátìrì, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ní ti àkọ́kọ́ kì í ṣe ojúlówó.

Mẹkáníìkì.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ilé tiwa, a ti ra oògùn làpálàpá ní páálí-páálí.

6. Ẹ̀GBỌ́N MI, LÓRÍ FÓÒNÙ

"Bátìrì ni. Mo ti wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Bàbá ń kọ́? Wọ́n ní ara àwọn le."

"Ra èyí tó dáa lọ́tẹ̀ yìí o."

Ọ̀nà jíjìn ló ti ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́. Kò gbọ́ bí ọkọ̀ yẹn ṣe ń dún láàárọ̀ rí.

*[mo pa ìlà kan rẹ́ níbí]*

7. BÓ ṢE Ń DÚN LÁÀÁRỌ̀

Hẹn.

Hẹn-hẹn. Hẹn.

Ó gbọ̀n. Ó fẹ́ kú. Ó jí.

Èéfín funfun.

Lẹ́yìn náà, ó ń dún jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ẹlòmíì ló ṣe é.

7. BÓ ṢE Ń DÚN LÁÀÁRỌ̀ (láti yàrá wọn)

Húù.

Húù-húù. Húù.

Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì kí èémí tó balẹ̀. Ìrọ̀rí tí wọ́n fi ń gbórí sókè ń pọ̀ sí i. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, bàtà ò gbà á mọ́.

Wọ́n á mu omi gbígbóná inú fúláàsìkì. Wọ́n á wọ ẹ̀wù òde. Tí wọ́n bá fi máa dé iwájú dókítà, ara wọn á ti le koko bí ọta.

*[ìlà tí mo pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan: Kò gbọ́ bí bàbá ṣe ń dún náà.]*

8.

MẸKÁNÍÌKÌ: Bàbá, ẹ jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́ bá a ní tútù.

BÀBÁ: Ọkọ̀ mi kì í sùn síta.

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ má fọwọ́ kàn án kí n tó dé nígbà náà.

BÀBÁ: Ta ló fọwọ́ kàn án?

MẸKÁNÍÌKÌ: *(ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé e kúrò kíá)* Bàbá.

BÀBÁ: Oòrùn ni.

Oòrùn ò tíì yọ.

9.

Mẹkáníìkì yìí náà, ẹnu ẹ̀ ju iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ó ní etí lásán lòun fi ń mọ àìsàn ọkọ̀. Òun náà ló pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì.

10.

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sínú agolo ṣúgà.

Wọ́n wá a lábẹ́ àga. Wọ́n wá a nínú bàtà tí kò wọ̀ wọ́n mọ́. Wọ́n bi mí. Mo ní mi ò rí i. Nígbà tí mẹkáníìkì dé, mo lọ po tíì, mo sì rí i.

11.

Ó tú púlọ́ọ̀gì kó tó yí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀kan tutù rinrin fún omi. Ó dá wọn padà, ó yí i. Ọkọ̀ wúkọ́ lójú gbogbo wa.

MẸKÁNÍÌKÌ: Omi rédíétọ̀ ń lọ sílẹ̀, àbí? Ẹ ò sì rí i nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni.

MẸKÁNÍÌKÌ: Gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, tó ń dí omi mọ́ àyè ẹ̀, ló ti jóná. Tó bá dúró mọ́jú, omi á máa yọ́ wọ ibi tí epo ti ń jó. Láàárọ̀, á máa hú u jáde. Tó bá gbóná tán, ẹ ò ní mọ̀. Ọjọ́ kan á wà tí kò ní jí. Láti ìgbà wo ló ti ń ṣe é?

BÀBÁ: Òní ni.

Ojú ò tiẹ̀ tì wọ́n. Mo kórìíra wọn ní ìṣẹ́jú yẹn, mo sì fẹ́ dì mọ́ wọn.

Wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ lọ sùn síta.

12. MẸKÁNÍÌKÌ, LÓRÍ FÓÒNÙ

"Àǹtí, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ti wọlé. Wọ́n ti fá orí ẹ́ńjìnnì kó tẹ́jú. Mo jẹ́ kó sùn, mo bá a ní tútù. Ẹ̀ẹ̀kan ló jí. Mo sọ fún yín pé etí mi."

13.

DÓKÍTÀ: Ẹ máa ń wúkọ́ láàárọ̀, Bàbá?

BÀBÁ: Rárá o.

ÈMI: Bàbá.

BÀBÁ: Eruku ni.

DÓKÍTÀ: Ẹ sùn sọ́dọ̀ wa mọ́jú. A fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń jí.

BÀBÁ: Èmi kì í sùn síta.

14.

Bàbá mi ló wa ọkọ̀ délé láti ọ́sibítù.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" ni wọ́n ní. "Kò ní nǹkan kan."

Ẹní bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí.

15. MO KỌ Ọ́ SÍ DÓKÍTÀ

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò wọ́n nílé lọ́la ní ìdájí, kí wọ́n tó múra. ~~Ẹ wá bá wọn ní tútù.~~"

Mo pa èyí tó gbẹ̀yìn rẹ́ kí n tó fi ránṣẹ́.

Kò tíì fèsì.

16.

Fúláàsìkì wà nínú àpótí mi. Ẹ̀wù òde wà lábẹ́ ẹ̀.

Húù.

Húù-húù. Húù.

"Ta ló gbé fúláàsìkì mi?"

Mo ní mi ò rí i. Mo ń tẹ́tí sí ẹnu ọ̀nà.