Ọ̀nà Tí Iná Ń Gbà Padà

"Ẹ tún un tẹ̀!"

Káfíńtà tó jókòó sídìí sítíárì ọkọ̀ tẹ bíréèkì. Dípò kí iná pupa méjèèjì tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ tàn gbòò, ńṣe ni wọ́n ń ṣe bàìbàì bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Obìnrin tó dúró lẹ́yìn ní kó fi tiráfíkétọ̀ òsì sí i. Òsì ń ṣẹ́jú, ọ̀tún náà ń bá a ṣẹ́jú. Ó ní kó tẹ bíréèkì mọ́ ọn, gbogbo wọn kú pátápátá.

"Ṣé ẹ rí i?" Káfíńtà yọ orí lójú fèrèsé. "Ọmọ-ẹ̀yìn mi ti ya wèrè. Òsì ni mo fẹ́ yà lánàá, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò mọ ibi tí mo kọrí sí. Díẹ̀ ló kù kó gun orí ìlẹ̀kùn mẹ́jọ tí mo kó. Ṣebí ọ̀dọ̀ yín náà ni mo ti fi iná tuntun sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn?"

Ọmọ-ẹ̀yìn ni orúkọ tó sọ kẹ̀kẹ́ ẹrù tó máa ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, torí ibi tí ọ̀gá bá yà sí lòun náà ń yà sí. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ti yẹ kéèyàn fẹ́ràn irin lọ. Bí wọ́n bá tú u kúrò lára ọkọ̀, iná ọkọ̀ á dáa. Bí wọ́n bá so ó padà, wàhálà dé.

Obìnrin náà ti bojú wẹ̀yìn wo bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ti kọ́kọ́ wá fọwọ́ pa irin kẹ̀kẹ́ náà nígbà tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò sọ nǹkan kan, ó padà lọ jókòó. Ogójì ọdún ló fi tún iná ọkọ̀ ṣe kó tó fa ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, síbẹ̀ kò yé wá. Láti ọdún tó kọjá ni ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Kò mọ wáyà pupa yàtọ̀ sí aláwọ̀ ewé mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló so gbogbo wáyà kẹ̀kẹ́ yìí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun ṣe é, ọmọ rẹ̀ kò sì lè sọ pé rárá.

Bí ọkọ̀ ẹ̀yìn bá gbá káfíńtà yìí pa ńkọ́? Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, wọ́n wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gé ìka bàbá rẹ̀? Obìnrin náà bọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago.

"Bọ̀dá mi, ẹ máa bọ̀ wá gbé Bàbá lónìí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Oṣù mélòó ni mo ti ń sọ ọ́? Yàrá wọn ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ṣé wọn ò ní bínú?"

"Wọ́n á bínú. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Oṣù mẹ́fà ni obìnrin náà ti ń kọ̀, nítorí ìlú mìíràn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé, kò sì sí ọkọ̀ tí bàbá lè tún ṣe níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú un kúrò nídìí wáyà, ó di kó máa jókòó wo ògiri. Ọmọ rẹ̀ mọ èyí dájú, ó sì dùn ún. Nígbà tó padà síwájú, bàbá ti pa àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé. Kò mọ̀ bóyá bàbá gbọ́ ohun tóun sọ.

Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó ṣí ibi tí wáyà ọkọ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ ti pàdé, ó ń wá àṣìṣe bàbá rẹ̀. Pupa bá pupa lọ. Aláwọ̀ ewé bá aláwọ̀ ewé. Ó fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n le dan-in-dan-in. Ìgbà náà ló rí òwú dúdú tín-ín-rín tí wọ́n ta ní kókó sí ọrùn wáyà kọ̀ọ̀kan: kókó kan fún òsì, méjì fún ọ̀tún, mẹ́ta fún bíréèkì. Bàbá ti ní láti bẹ ẹnì kan pé kó bá òun wo àwọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn náà ló wá ń fi ìka ríran. Ọmọ rẹ̀ kọ́ ló bẹ̀.

"Àbíkẹ́yìn," bàbá pè é láti orí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Iná ń lọ. Ṣé ó ń rí ọ̀nà bọ̀?"

Ó gbé wáyà gígùn kan, ó so ẹnu rẹ̀ kan mọ́ ẹsẹ̀ bátìrì níwájú, ó fi ẹnu kejì kan irin ìdí gílóòbù. "Ẹ tẹ̀ ẹ́!" Iná pupa tàn gbòò. Tiráfíkétọ̀ òsì ń ṣẹ́jú lóun nìkan. Ó ti yé e. Wáyà kan ṣoṣo tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ ara irin kẹ̀kẹ́ ni gbogbo iná náà ń gbà padà sí bátìrì. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, iná á máa ya ilé onílé kiri, á máa tan gílóòbù tí kò kàn án.

Ó mú sípánà, ó tú nọ́ọ̀tì náà. Ọ̀dà ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀dà dúdú tó ń dán. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Òun ló kun ọ̀dà náà. Lọ́jọ́ kejì tí bàbá parí iṣẹ́, ó rí i pé irin náà ti dógùn-ún, ó sì fẹ́ kó wu oníbàárà. Ó tú nọ́ọ̀tì, ó kun gbogbo rẹ̀, ó dè é padà sórí ọ̀dà, iná kì í sì í gba inú ọ̀dà kọjá. Ó fi ọ̀bẹ há a. Lábẹ́ rẹ̀, ojú ibi tí bàbá ti fi fáìlì há irin mọ́ tónítóní ṣì wà níbẹ̀ roboto. Ó dè é bó ti yẹ. Iná tàn bí ó ti yẹ kó tàn, wíwá àṣìṣe ló gba gbogbo àárọ̀, títún un ṣe kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dé. Ó ti gbé àpótí irinṣẹ́ sí búùtù, bàbá sì ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a sórí itan.

Káfíńtà rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá ló ṣì í so, àbí? Ọjọ́ ogbó ni."

"Èmi ni," bàbá dáhùn kí ọmọ rẹ̀ tó la ẹnu. "Ojú ò ríran mọ́. Ẹ má bínú."

"Rárá o!" Ohùn obìnrin náà le ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Kì í ṣe Bàbá. Èmi ni mo kun ọ̀dà sábẹ́ nọ́ọ̀tì. Iṣẹ́ tiwọn ò ní àbùkù kankan."

Káfíńtà wo bàbá, ó wo ọmọ. "Ẹni yòówù kó jẹ́, ó ṣáà ti tàn," ó wí, ó sì wa Ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

"Ta ló ní kó o sọ ọ́?" bàbá bi í.

"Ṣé ẹ ti mọ̀ ni?"

"Mo fọwọ́ kàn án kó o tó lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó ń yọ̀. Ibi tí mo bá há kì í yọ̀."

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan?"

"Èmi ń lọ sílé. Ìwọ lo máa ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la. Ta ló máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá bá ọ bí wọ́n bá gbọ́ pé ìwọ lo ṣì í ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. "Ó dáa, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta wá ni kí n gbé lọ báyìí?"

Ẹkún gbọ̀n obìnrin náà. Gbogbo bó ti ń wá àṣìṣe bàbá láti àárọ̀, àṣìṣe tirẹ̀ ni bàbá ń bò. Ó lọ sí búùtù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpótí náà jáde, ó sì gbé e kalẹ̀ sídìí bẹ́ǹṣì.

"Bàbá mi," ó ní, "ọkọ̀ kan ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ bá mi fọwọ́ wò ó kí n tó dá a padà fún ẹni tó ni ín."

Bàbá tú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ká, ó sì ń fi ìka wá ibi tí apá aṣọ náà wà kó lè wọ̀ ọ́ padà.