Oògùn Ajá Lọ́rùn Ológbò

Ọjọ́ kan náà ni ajá mi àti ológbò mi wọlé wá ní Erúnmu, ni àwọn aládùúgbò bá sọ wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Àwọn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n èmi kò fi ṣeré. Ohun tí a bá ṣe fún Táyé, a gbọ́dọ̀ ṣe é fún Kẹ́hìndé. Fákọ́ládé ọkọ mi, bàbá Dọ̀tun ọmọ wa, tí kò fẹ́ràn ológbò rárá, a máa ní orí mi ti dàrú. Èmi náà a bi í léèrè: láti ìgbà tí Kẹ́hìndé ti dé, èkúté wo ló tún jẹ àgbàdo rẹ̀?

Lóṣù tó kọjá, eégbọn bo Táyé létí. Mo ra oògùn rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, èyí tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ọrùn. Àwòrán ajá ló wà lára páálí rẹ̀. Mo kán ìdajì sí Táyé lọ́rùn. Mo wo Kẹ́hìndé, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo kán ìdajì yòókù sí i.

Kí ó tó di ọ̀sán, itọ́ ti ń dà lẹ́nu ológbò mi, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Mo figbe ta. Mo sáré gbé epo pupa, torí epo la mọ̀ tó ń pa oró májèlé. Mo ti la ẹnu rẹ̀ kí Fákọ́ládé tó di ọwọ́ mi mú.

"Má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu! Jẹ́ kí n pe dókítà ẹran ná."

Inú bí mi. Ta ló bi í? Ṣùgbọ́n ó ti ń pe Ìtùnúolúwa, ọmọbìnrin tó máa ń wá láti Alákìá gún ewúrẹ́ wa lábẹ́rẹ́. Ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó sì gbé fóònù sí mi létí.

"Mọ́mì, ṣé oògùn ajá lẹ kán sí i?"

"Ìdajì péré ni."

"Ìdajì náà lè pa á. Ohun tí ara ajá gbà, ara ológbò ò gbà á. Ẹ má fún un lépo o, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ fi ọṣẹ tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ máa gbé e bọ̀ kíákíá."

Fákọ́ládé ló fọ̀ ọ́, èmi ń da omi sí i. Ológbò ya á lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Kò fi í sílẹ̀. Ó wé e sínú ẹ̀wù ara rẹ̀, ó gbé e lé mi láyà, ó fi ọ̀kadà gbé wa dé Alákìá.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Kẹ́hìndé lò lọ́dọ̀ Ìtùnúolúwa. Nígbà tí a padà lọ, ẹja ló ń jẹ! Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí, ó gbá mi mú.

"Mọ́mì, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá ni kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Láàárọ̀, lálẹ́, wọn ò yéé pè mí, wọ́n ní ṣé Kẹ́hìndé ti jẹun."

Mo yíjú sí ọkọ mi. Ó ti kọjú sí títì. Láti ọdún mẹ́rin, n kò gbọ́ ọ rí kó pe orúkọ ológbò yẹn. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá.

"Bàbá Dọ̀tun, ẹ ṣeun."