Ẹlẹ́pà Jẹ́nóà

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: ìlú tí èèyàn ò dé rí ló máa ń dùn ún ròyìn jù. Ẹni tó débẹ̀ á máa rántí òtútù, á máa rántí ebi, á máa wá ọ̀rọ̀ tì. Ẹni tí kò débẹ̀ kò ní wàhálà kankan. Bí ọ̀rọ̀ Jẹ́nóà ṣe rí láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi gààrì gbẹ̀mí ró láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Akóredé, tó ń tún alùpùpù Fẹ́sípà ṣe ní Ọwọ́dé, ní Ọ̀yọ́, gbé ní Jẹ́nóà fún ọdún mẹ́fà. Ìlú èbúté ńlá kan ni, ní ilẹ̀ Ítálì. Ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrù ló bá lọ, ó ń fọ abọ́ fún àwọn atukọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, òun náà bọ́ọ́lẹ̀, kò padà sínú rẹ̀ mọ́. Ó ru àpótí ẹja, ó gbálẹ̀ ọjà, ó sì kọ́ iṣẹ́ Fẹ́sípà lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa fi padà dé, àpótí irinṣẹ́ nìkan ló gbé bọ̀. Àwọn ará àdúgbò wò ó lókè, wọ́n wò ó nílẹ̀, wọ́n ní, "Èyí náà ti òkè òkun dé?" Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló bi í léèrè pé, "Bọ̀dá Akóredé, kí lẹ fẹ́ràn jù níbẹ̀?" Fọláṣadé ni. Aránṣọ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ti Akóredé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń gbọ́. Akóredé sọ fún un nípa ilé iná gíga tó dá dúró lórí àpáta létí òkun, tí àwọn atukọ̀ máa ń rí kí wọ́n tó rí ìlú rárá. Ó sọ nípa àwọn ọ̀nà tóóró tó wà nísàlẹ̀ ìlú, tó jẹ́ pé bí èèyàn méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fara ti ògiri, tí wọ́n sì ń sá aṣọ láti fèrèsé dé fèrèsé, tí omi aṣọ aláṣọ á máa kán síni lọ́rùn. Ó sọ nípa ẹ̀rọ kan tó rí bíi yàrá: o wọnú rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, ó gbé ọ gba inú òkè lọ, nígbà tó o bá jáde, òrùlé gbogbo ìlú ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Ìlú olókè ni Jẹ́nóà, orúnkún kì í gbádùn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tó fẹ́ràn jù ni itẹ́ òkú wọn. Fọláṣadé bú sẹ́rìn-ín. Ta ló ń ṣeré lọ sí itẹ́ òkú? Akóredé ní kó fara balẹ̀. Ó ní àwọn olówó Jẹ́nóà, bí wọ́n bá kú, òkúta funfun ni wọ́n fi ń gbẹ́ ère sídìí sàréè wọn, ère náà á jọ èèyàn débi pé o lè kí i. Láàárín àwọn olówó wọ̀nyẹn ni obìnrin kan dúró sí, ẹlẹ́pà ni. Ẹ̀pà òyìnbó ló ń tà láyé ọjọ́sí, ó máa ń sín in sókùn bí ìlẹ̀kẹ̀, á máa kiri rẹ̀ láti ọjà dé ọjà. Àwọn ẹbí rẹ̀ tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Obìnrin náà rọra kó èrè rẹ̀ jọ, ó pe agbẹ́kùúta, ó ní kó gbẹ́ òun nígbà tí òun ṣì wà láyé, kó sì gbẹ́ ẹ̀pà náà mọ́ òun lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló wà dòní. Lọ́jọ́ Ọ̀sẹ̀ tí àárò ilé bá mú Akóredé, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́pà yìí ló máa ń lọ jókòó.

Fọláṣadé ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀pà sísun ni ìyá tirẹ̀ náà tà ní oríta Ọjà Igbó títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́, ẹ̀pà ni ìyá fi rán an lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Nígbà tí ìyá náà kú, àwọn ẹbí ní kí wọ́n má wulẹ̀ da sìmẹ́ńtì lé e lórí, wọ́n ní ẹlẹ́pà lásán ni. Fọláṣadé wo Akóredé, ó ní, "Ẹ tún un sọ." Ó tún un sọ. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ẹwà ni.

Ó wá ku kí Akóredé lọ tọrọ ìyàwó. Mùsùlùmí nilé Akóredé, Aládùúrà nilé Fọláṣadé, ṣùgbọ́n ìyẹn ò di nǹkan kan. Nílẹ̀ wa níbí, ẹ̀gbọ́n lè máa kírun kí àbúrò máa lu agogo. Ohun tó di nǹkan ni Bàbá Ọládépò.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Fọláṣadé ni Bàbá Ọládépò, òun ni olórí ẹbí. Bàbá Jẹ́nóà ni gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ń pè é. Kò sí ìkómọ tí wọn kì í ti gbé àga iwájú fún un nítorí Jẹ́nóà. Bí tọkọtaya bá jà, wọ́n á ní kí wọ́n bi Bàbá bí wọ́n ṣe ń parí irú ẹ̀ ní Jẹ́nóà. Fìlà ọ̀gákọ̀ kan wà lórí rẹ̀ tí òòrùn ti sọ di eléérú. Ibi tó jìnnà jù tí Bàbá dé láyé ni èbúté Àpápá ní Èkó, níbi tó ti ń nu bàtà fún ọ̀gákọ̀ Ítálì kan. Ọ̀gákọ̀ náà ló fún un ní fìlà, Bàbá fúnra rẹ̀ ló wá fún ara rẹ̀ ní Jẹ́nóà. Àwọn tó ń pòwe pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á lé e bá, wọn ò tíì pàdé Bàbá yìí. Irọ́ tirẹ̀ ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó ṣì ń jẹran níwájú àwọn èèyàn. Àwọn àgbà kan mọ̀. Ta ló fẹ́ já àgbà bíi tirẹ̀ nírọ́?

Fọláṣadé mọ̀. Ó bẹ Akóredé pé, "Bí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ nípa ẹlẹ́pà yẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ nínú ilé yẹn. N ò fẹ́ nǹkan míì." Akóredé ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun á sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, wọ́n di iṣu, oyin àti obì sẹ́yìn Píjò, wọ́n forí lé Ògbómọ̀ṣọ́. Mùílì, àbúrò bàbá Akóredé, ni alága ìtọrọ. Wọn ò tíì kúrò ní Ọ̀yọ́ dáadáa tó ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

"Akóredé, ohunkóhun tí Bàbá yẹn bá wí, bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá ní ẹṣin ló ń wakọ̀ ní Jẹ́nóà, ìwọ bi í pé ẹṣin funfun àbí dúdú."

"Bàbá Kékeré, mo gbé ìlú yẹn."

"Ta ló ní o ò gbé ibẹ̀? Ìyàwó lo ń wá lọ, o ò lọ jẹ́rìí ní kóòtù. Ajíṣebí Ọ̀yọ́ là ń rí, Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnì kan."

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n kí ilé, wọ́n kí ọ̀nà. Bàbá Ọládépò wà lórí àga, fìlà wà lórí, àwọn ẹbí pé yí i ká. Kọ́tìnì bo ẹnu ọ̀nà yàrá, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ọmọge jáde títí wọ́n á fi pè é. Akóredé rí ẹsẹ̀ Fọláṣadé lábẹ́ kọ́tìnì náà, ó rí i pé ó ń gbọ́.

"Wọ́n ní o ti Jẹ́nóà dé," Bàbá wí. Ó ń mú fìlà, ó ń fi í sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Láti ọjọ́ tó ti ń jẹun lórí ìlú yẹn, ẹni tó wá láti ibẹ̀ kò tíì jókòó síwájú rẹ̀ rí. "Ìlú tó tẹ́jú pẹrẹsẹ ni. Òkè kan ò sí níbẹ̀. Àbí mo purọ́?"

Orúnkún Akóredé rántí gbogbo òkè tó gùn. Mùílì wúkọ́.

"Ẹ ò purọ́, Bàbá. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá níbẹ̀, kò mọ ibi tó máa yí sí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá mí kanlẹ̀, ó sún mọ́ iwájú.

"Títì wọn ńkọ́? Tírélà mẹ́wàá ló ń tò lórí ẹ̀ nígbà tèmi."

"Wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ sí i, Bàbá. Ó ti gba méjìlá báyìí."

"Ẹ gbọ́!" Bàbá na ọwọ́ sí àwọn ẹbí. "Ilé iná etí òkun ńkọ́? Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé èmi ni mo ń tàn án?"

Ẹ wo bí irọ́ ṣe ń ṣe ọmọ èèyàn. Ìkíni lásán ló fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń dùn mọ́ Akóredé lẹ́nu báyìí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti dé, àwọn èèyàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Jẹ́nóà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń mi orí.

"Orúkọ yín ò tíì kúrò lẹ́nu wọn, Bàbá. Wọ́n ní látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ, iná náà ò mọ́lẹ̀ bíi tàtijọ́ mọ́."

Bàbá Ọládépò ṣí fìlà, ó nu ojú. Kì í ṣe ẹ̀tàn o, omijé gidi ni. Ọkùnrin tó ti ń dá irọ́ rù láti ọjọ́ yìí wá, ó wá rí ẹni bá a gbé e.

Ìgbà náà ni Màmá Dorcas, ìyàwó àgbà ilé, sọ̀rọ̀. Ohun tó dùn ún gbọ́ ló ń wá, kò ní ibi nínú. Ó ní, "Ọkọ wa, Ṣadé sọ fún mi pé wọ́n gbẹ́ ère ẹlẹ́pà kan síbẹ̀, láàárín àwọn olówó. Ṣé òótọ́ ni?"

Kí Akóredé tó lanu, Bàbá ti gbà á sọ. "Ẹlẹ́pà bíi ti báwo? Kí òyìnbó gbé òkúta olówó ńlá, kó fi gbẹ́ ẹlẹ́pà? Àwọn ọba ni wọ́n ń gbẹ́ o! Ẹlẹ́pà tó bá kú ní Jẹ́nóà, inú igbó ni wọ́n ń sin ín sí, ọ̀rọ̀ parí. Àbí irọ́ ni, ọmọ mi?"

Ẹsẹ̀ abẹ́ kọ́tìnì kò mira. Akóredé rí òkúta funfun yẹn bí ẹni pé ó wà níwájú rẹ̀, ó rí ìka obìnrin náà lára okùn ẹ̀pà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kó sọ. Mùílì fi orúnkún kàn án ní orúnkún.

"Kò sí ohun tó jọ ọ́ níbẹ̀, Bàbá," Akóredé wí. Lọ́kàn rẹ̀, ó ní ó máa yé Fọláṣadé. Ó ní òun á ṣàlàyé fún un tí wọ́n bá dé Ọ̀yọ́, pé irọ́ àpọ́nlé ni.

Bàbá Ọládépò dìde. Ó ní òun ò tún wádìí ẹnikẹ́ni mọ́, ọmọ náà ti yege, ará Jẹ́nóà bíi tòun ni. Wọ́n gbé ẹrù wọlé, iṣu kún àárín ilé, wọ́n sì pe Fọláṣadé jáde. Ó kúnlẹ̀. Bó ṣe jẹ́ àṣà, ìyàwó ni wọ́n máa ń bi kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹrù.

"Ṣadé," Màmá Dorcas wí, "wọ́n kó ẹrù wá nítorí ẹ. Ṣé ká gbà á, àbí ká dá a padà?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n ní nǹkan kan." Ó kọjú sí Akóredé. Ojú rẹ̀ kò le, ńṣe ló ń bẹ̀ ẹ́. "Bọ̀dá Akóredé, ẹlẹ́pà yẹn, ṣé ó wà níbẹ̀, àbí kò sí?"

Akóredé wò ó. Ó wo Bàbá Ọládépò, tó ti tún di fìlà rẹ̀ mú, tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà. Àánú Bàbá ṣe é, ìtìjú mú un, ojú gbogbo ilé wúwo lára rẹ̀. Mùílì tún wúkọ́.

"Bí Bàbá ṣe wí náà ni," ó wí.

Fọláṣadé ò sunkún. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ so.

"Ẹ bá mi dá ẹrù wọn padà. Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ti gbé ní Jẹ́nóà rí. Eléyìí ò débẹ̀."

"Kò débẹ̀ kẹ̀?" Bàbá Ọládépò fò sókè. "Èmi tí mo gbé ibẹ̀ ni mo ń sọ pé ó débẹ̀!"

Ṣùgbọ́n Fọláṣadé ti wọlé, ó ti ti ilẹ̀kùn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣí i. Bí wọ́n ṣe kó iṣu jáde nìyẹn, Bàbá Ọládépò fúnra rẹ̀ bá wọn gbé oyin dé ìdí mọ́tò, ó ń tọrọ àforíjì lórúkọ àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí kò mọyì àgbà. Ó di mọ́ Akóredé lọ́rùn, ó ní kó máa wá, kí àwọn jọ máa sọ̀rọ̀ ìlú àwọn.

Píjò kọrí sí Ọ̀yọ́. Iṣu ń yí lẹ́yìn. Wọ́n ti kọjá Odò Ọbà kí Mùílì tó gbé ọwọ́ lé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léjìká.

"Má banú jẹ́. Ìyàwó pọ̀ nígboro. O ṣe bí ọmọlúàbí. Ibi tọ́rọ̀ dé yìí, ẹnikẹ́ni ò lè sọ ọ́ ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ pé a ò kọ́ ọ nílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Kékeré," Akóredé wí.