Bí Alágbẹ̀dẹ Ṣe Ń Kọ́ Láti Dẹwọ́

Alágbẹ̀dẹ náà kúnlẹ̀ lórí ẹní tó nípọn nínú gbọ̀ngàn júdò, ìjàkadì àwọn ará Japan, ó ń wo ẹni tó wá bá a jà. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà á, bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin náà kò lágbára tó o. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

Ọwọ́ yìí ló di ìyàwó rẹ̀ mú lọ́rùn ọwọ́ níjọ́sí. Obìnrin náà ń ké pé, "Bàbá ọmọ mi, fi mí sílẹ̀!" Kò fi í sílẹ̀ títí eegun fi yẹ̀. Ìyàwó bá gbé ọmọ, ó gba ilé àwọn òbí rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan ló rán sí i: kó lọ kọ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ tí àbúrò òun bá bá a jà, tó ní kó fi òun sílẹ̀, tí ọkọ òun sì dẹwọ́, òun á padà. Bí kò bá dẹwọ́, kó gbàgbé òun.

Òfin júdò kò le. Bí ẹni tí o há mọ́lẹ̀ bá ti fọwọ́ lù ọ́ lára pẹ́pẹ́, tú u sílẹ̀. Ọmọdé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti kúrò níléèwé ló ti ń gbá òòlù ńlá fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá a fi òòlù kékeré lu irin gbígbóná, kàn, kàn, láti fi ibi tí yóò lù hàn án. Bó bá ti gbọ́ ọ, gbogbo agbára ló ń dà sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá lù ú lára lórí ẹní, apá rẹ̀ ti fún mọ́ wọn kó tó rántí. Ó ti ṣe àwọn ẹlòmíràn léṣe. Kóòṣì tó ń kọ́ wọn ní, "Tó o bá tún pa ẹnì kan lára, kẹ́rù ẹ, máa lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde," ni àna rẹ̀ wí. "Àbí obìnrin nìkan lẹ lè dì mú?"

Ó dìde. Ó gbé e ṣánlẹ̀, ó fi apá há a lọ́rùn. Ọmọkùnrin náà ń mí gúlegúle, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò sinmi: "Ọmọ yín ò tiẹ̀ bèèrè yín mọ́."

Orí rẹ̀ gbóná. Ìgbà náà ni àna lù ú lápá, pẹ́pẹ́. Apá fún. Ó tún lù ú. Alágbẹ̀dẹ ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Tú u, tú u," apá kò gbọ́. Ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà ti ń gbọ̀n nílẹ̀. Ni alágbẹ̀dẹ bá tẹ orí, ó ki eyín bọ apá ara rẹ̀, ó gé e jẹ títí apá náà fi tú.

Àna yí kúrò, ó ń wúkọ́.

"Mo tú u," ni alágbẹ̀dẹ wí.

"O tú u," ni Kóòṣì dáhùn. "Ó pẹ́."

Alágbẹ̀dẹ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí òun fi ọjọ́ orí jù lọ. "Dákun, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé mo fi ọ́ sílẹ̀."

"Màá sọ ọ́." Àna ń fọwọ́ pa ọrùn rẹ̀. "Màá sì sọ pé kó má tíì wá."

Ó jáde lọ. Alágbẹ̀dẹ kò sáré tẹ̀ lé e, kò bú u. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lápá rẹ̀.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi. Ẹ lù mí lára. Ẹ máa lù mí títí yóò fi yé apá yìí."

Kóòṣì bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọrùn ara rẹ̀ sábẹ́ apá ẹlẹ́jẹ̀ náà.