Ẹnu Ẹ̀gbọ́n Mi Lábẹ́ Máíkírósíkóòpù

Lójú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, dókítà eyín, gbogbo ẹnu ayé ló ń rùn àfi tiẹ̀. Ó tutọ́ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ tí à ń gbé sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó ní kí n fi han àwọn aláìsàn, kí wọ́n rí ẹnu tó mọ́.

Mo gé páálí dúdú róbótó, mo fi dí àárín ibi tí iná ti ń wọlé lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa gba ẹ̀gbẹ́ nìkan. Ibi tí à ń wò ṣókùnkùn biribiri. Nínú òkùnkùn náà, kòkòrò ń tàn yanran, wọ́n ń jùdí bí ẹni pé wọ́n wà nílé bàbá wọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu yín rèé o.”

Ó wò ó títí, ó fa páálí náà yọ. Ìmọ́lẹ̀ bo gbogbo rẹ̀, ó funfun báláú, a ò rí kòkòrò kankan mọ́.

“Ṣé o rí i?” ló wí. “Páálí ẹ ló dọ̀tí.”