Fódà Tó Gba Àyè Jù

Kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń kó gbogbo iṣẹ́ pamọ́ sí níléeṣẹ́ wọn l'Ádó-Èkìtì ti kún fọ́fọ́. Monínúọlá, tó ń tọ́jú rẹ̀, tẹ àṣẹ "du" láti mọ fódà tó gba àyè jù. Dùnsìn ni orúkọ èyí tó wà lókè pátápátá, Olúmúyìwá ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló sì ni ín.

Dùnsìn ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó kú lọ́dún tó kọjá. Lẹ́yìn ìsìnkú, Olúmúyìwá ní òun ti pa gbogbo fídíò rẹ̀ rẹ́. Láti ìgbà náà ni Monínúọlá ti ń bínú sí i.

Ó pè é wá. "Bàbá Dùnsìn, ẹ ní ẹ ti pa wọ́n rẹ́."

Olúmúyìwá wolẹ̀. "Mi ò lè ṣe é. Mi ò kàn fẹ́ kí o máa rí ẹkún mi nílé ni."

Monínúọlá ṣí ọ̀kan. Ọmọ náà ń lé adìyẹ kiri n'Ígèdè, ó ń rẹ́rìn-ín.

Monínúọlá da gbogbo rẹ̀ sínú fláàṣì, ó wá pa fódà náà rẹ́ bí ẹni tó tún ń sin ọmọ. Ó na fláàṣì sí ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Olúmúyìwá ti kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.